Ẹ̀rọ tí Bàbá Onílù Ní Ká Rà

"Wọ́n ní… èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, mo kàn gbọ́ ọ ni… wọ́n ní Bàbá Onílù ní ẹ̀rọ ni… pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀rọ ìlù fún ọmọ náà… ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí, ẹni tí wọ́n bá ti ní kó lọ máa bá ẹ̀rọ ṣeré… hẹ̀n-ẹ́n, ẹ jẹ́ n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ò sí nítòsí, àbí?"

Ọmọ náà wà nítòsí. Èmi ni ọmọ náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo wà, apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù wà lọ́wọ́ mi, omi rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, n kò lè wọlé, n kò sì lè padà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ń bá ẹ̀gbọ́n wọn, màmá mi, sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn síta láé. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n fi ń gbẹ̀san.

Bàbá Onílù tí wọ́n ń sọ yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá mi fúnra wọn kì í sábà sí nílé, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà, nítorí náà ọwọ́ Bàbá Onílù ni mo dàgbà sí ju ọwọ́ bàbá mi lọ. Àwọn ni wọ́n ń lu dírọ́ọ̀mù nínú ẹgbẹ́ olórin ilé wa. Ìyàwó wọn, Ìyá Olórin, ló ń kọrin, àwọn náà ló sì ń darí ẹgbẹ́. Èmi ni mo ń ta gìtá béèsì. Òtẹ́ẹ̀lì kan lójú títì ńlá ti ní kí ẹgbẹ́ wa wá máa kọrin fún àwọn àlejò ní òpin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni Ìyá Olórin yóò sì sọ ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí kò ní í lọ.

Mo fẹ́ lọ. Ilé ni mo ti kàwé, màmá mi ni tíṣà mi. Ilé náà ni mo ti kọ́ béèsì, nípa jíjókòó sí igun níbi tí àwọn àgbà ti ń ṣeré. N kò tíì ṣe ohunkóhun rí níwájú ẹni tí kì í ṣe ẹbí mi. Bí àlejò bá wọlé, ohùn mi a sá lọ, a fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kẹ́. Béèsì yìí ni nǹkan kan ṣoṣo tí mo lè gbé jáde sí gbangba tí kò sì ní béèrè pé kí n sọ̀rọ̀.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ọ̀rọ̀ náà ti yọ apá. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti yọ ẹsẹ̀, ó ti ń rìn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí a ń pè ní Oníwáyà nítorí pé iná ló ń tún ṣe, ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún mi pé òun gbọ́ pé Bàbá Onílù ní èèyàn ẹlẹ́ran ara kankan ò lè bá mi ṣeré, ẹ̀rọ nìkan ló lè fara dà á, àti pé ọmọ káfíńtà àdúgbò kejì ni wọ́n máa mú lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló pe òun. Ẹnu kan náà ni. Ọ̀rọ̀ gba iwájú ilé jáde, ó yí gba ẹ̀yìnkùlé, ó tún wọlé padà bí ẹlẹ́rìí kejì.

Ohun tó rọrùn jù lọ ni kí ẹnì kan bi Bàbá Onílù léèrè. Ilé wọn kò jìnnà, ẹni tó bá fi omi sórí iná lè lọ kó sì dé kó tó hó. Mo rọra fi lọ màmá mi. Wọ́n ní a kì í ká ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Mo ní abèèrè kì í ṣìnà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń béèrè ohun tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí i, ohun tí kò ní í dùn ún gbọ́ ló ń wá. Mo dákẹ́. Dídákẹ́ niṣẹ́ mi nínú ilé yìí. Òun ló sọ mí ní Jẹ́jẹ́.

"Tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ," màmá mi wí, wọ́n sì nu ọwọ́ wọn sára aṣọ bí ẹni tó ń parí ẹjọ́, "a ó ra ẹ̀rọ. Àmọ́ èyí tí apá wa bá ká ni o. Kì í ṣe torí ìlù la ó fi ta ilé."

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ti di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlù, ẹ̀rọ tó ń dá lu ìlù fún ẹni tó ń dánra wò. Àwọn tí kò mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ ní àárọ̀ ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní alẹ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí ni mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ṣe, ṣebí ó wà nínú fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀, èyí tí onídírọ́ọ̀mù máa ń fi ẹsẹ̀ lù, tó yẹ kó máa kì mí láyà, ń dún bí ìgbà tí aláǹgbá bá ń já lu páànù. Bí mo bá sì ti tan áńpù tó ń gbé ohùn béèsì mi sókè báyìí, n kò gbọ́ ọ mọ́ rárá. Mo fi èárípíìsì sí i. Ó ṣe díẹ̀, ó ń dùn, ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀, ni ìlù bá dúró tí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn béèrè bóyá ìlù inú fóònù náà dára.

Oníwáyà ní tèmi ti le jù, pé tó bá jẹ́ nǹkan tó kàn ń dún gbì-gbì-gbì láìdúró ni mo ń wá, òun lè tú ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí òun fi sukurú kan sínú rẹ̀. Màmá mi ní kó fọwọ́ kàn án kó wò ó. Ó wá ní kí a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pé òun ni yóò bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá rí èmi nìkan, agogo ara ògiri ni wọn yóò tà fún mi. Inú bí mi nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín onígbàjámọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń da ìwé kọ, ó tóóró, ó sì gùn sẹ́yìn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Gìtá ń rọ̀ láti òkè àjà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ẹni lórí. Ọkùnrin tó ń tajà fi bírò sí ẹ̀yìn etí, ó wo èmi tí mo gbé béèsì kọ́ ẹ̀yìn, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi tí kò gbé nǹkan kan, ó bi í pé irú gìtá wo ló ń ta.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Mo ti ń kà á lórí bí ẹni tó ń lọ dáhùn ìdánwò: ìlù ẹsẹ̀ tó lè gba inú áńpù kan náà pẹ̀lú béèsì mi, ìyára tí mo lè fà wálẹ̀ títí yóò fi máa rìn bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ihò èárípíìsì nítorí àwọn aládùúgbò, àti pé kó má jẹ́ dandan kí n yọ ọwọ́ kúrò lára okùn kí n tó lè tan án tàbí kí n pa á, torí ọwọ́ méjèèjì ni béèsì ń gbà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la ẹnu. Oníwáyà ti sọ fún ọkùnrin náà pé ẹgbẹ́ olórin òtẹ́ẹ̀lì ni wá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àmọ́ ẹ kò tíì rí alágbàtà tó jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ kedere nígbà tó gbọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ kékeré tó ti ń nawọ́ sí tẹ́lẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀, ó wọ inú lọ, ó sì gbé ọ̀kan jáde tó fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ. Ojú rọ́bà kéékèèké kún orí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, iná àwọ̀ oríṣiríṣi ń tàn nínú wọn. Ó fi ìka gbá wọn, ṣọ́ọ̀bù mì tìtì. Oníwáyà náà gbá wọn. Àwọn méjèèjì ń gbá a, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń mi orí. Mo béèrè pé ta ni yóò máa bá mi gbá a nígbà tí ọwọ́ mi bá wà lára okùn. Ọkùnrin náà rò pé mo ní n kò gbọ́ ọ dáadáa, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè.

Mo dúró títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà náà ni mo nawọ́ sí èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ mú. Kékeré ni, bí ẹ̀rọ ìṣírò tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ìfun rẹ̀ wà níta, bátìrì ló ń lò. Ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì, iye rẹ̀ ló sì rẹlẹ̀ jù nínú ilé náà. Ọkàn mi fà sí i. Mo so béèsì mi, mo tan án, mo ta díẹ̀, mo fẹ́ dín ìyára rẹ̀ kù. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, méjì lèèyàn sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ pọ̀. Mo fi béèsì sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé béèsì, ó ti yára jù. Mo tún fi béèsì sílẹ̀. Oníwáyà ní kí n máa fi imú tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ létí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni onípẹ́dà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Béèsì wọ inú rẹ̀ láti apá kan, òun àti ìlù sì jọ jáde lọ sínú áńpù láti apá kejì. Ẹsẹ̀ tan án, ẹsẹ̀ pa á, ọwọ́ kò mọ nǹkan kan sí i. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tí ìlù ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo wo iye rẹ̀ lára páálí. Mo rọra tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Mo ti ń ká wáyà mi kó nígbà tí mo rí irú rẹ̀ mìíràn lábẹ́ gíláàsì tábìlì, ọ̀dà rẹ̀ ti họ, wọ́n sì fi páálí gìtá kan lé e lórí. Mo nawọ́ sí i. Ọkùnrin náà sọ fún Oníwáyà pé èyí tí àwọn oníbàárà fi ń dánra wò ni, àwo idẹ ńlá tó yẹ kó máa dún gbàràgà níparí orin kò dún nínú rẹ̀ mọ́, kì í ṣe irú èyí ló yẹ àwọn tó ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Oníwáyà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ìlù tí kò ní gbàràgà, tíì tí kò ní ṣúgà ni. Wọ́n tún padà sórí olójú rọ́bà, ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè bóyá wọ́n lè gba díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ wa.

N kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ẹni tó ń ta béèsì kì í lu àwo idẹ. Ìlù ẹsẹ̀ ni mò ń wá, èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì yìí ní in. Òun ni mo fẹ́, ẹ̀yin la sì ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má wo ẹ̀gbọ́n mi mọ́."

Ó ya Oníwáyà lẹ́nu débi pé ó gbàgbé láti nájà. Èmi ni mo ná an. Owó bọ́tìnnì tí mo ń rán fún aránṣọ àdúgbò wa ká a, wọ́n sì fi wáyà kan kún un. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ̀ pé ó wà nínú mi.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù. Mo ti ń retí pé ẹ̀rọ náà yóò dójú tì mí. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ̀ ẹ́, mo ń ta, mo ń ṣọ́ ibi tí mo ti máa pẹ́ lẹ́yìn. N kò rí i. Mo fà á wálẹ̀ títí ó fi ń wọ́lẹ̀, mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbé ìyára rẹ̀ sókè, mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà tò ó tí yóò fi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí yóò tún ṣàdédé padà wọlé, kí èèyàn lè mọ̀ bóyá òun ti ṣìnà nígbà tí kò sí ìlù. Ó dákẹ́, mo ń lọ. Ó padà, ó bá mi níbi tó yẹ kó bá mi. Oníwáyà yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ṣé èmi ni tàbí ẹ̀rọ náà ní béèsì nínú.

Tí ọwọ́ mi bá dára, kí ló wá fa gbogbo èyí? Mo fi béèsì sílẹ̀, mo ń wo ògiri. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn tí ọmọ ilé wa kì í rò: bóyá Bàbá Onílù gan-an ni ẹsẹ̀ wọn ń wúwo. Bóyá àgbà ti dé, tí wọ́n sì ń gbé e lé mi lórí. Ojú tì mí bí mo ṣe ń rò ó, inú sì ń bí mi pé ojú ń tì mí. Màmá mi rí ojú mi níbi oúnjẹ. Mo sọ díẹ̀ fún wọn, mo gbé ìyókù mì. Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ náà lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tí ẹnu mi kò bá lè sọ, kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí Bàbá Onílù la ti máa ń ṣe ìdánrawò. Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wọ́n gbé ti ògiri kí ariwo má baà jáde, táyà mẹ́rin ló wà ní igun, dírọ́ọ̀mù wà láàárín lórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti ya. Màmá mi tẹ̀ lé mi. Oníwáyà tẹ̀ lé wa láti bá mi so wáyà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti débẹ̀ ṣáájú wa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Onílù ni àwọn wá wò, wọ́n sì gbé àpò iṣẹ́ wọn lé itan kí ó lè dà bí òótọ́.

Bàbá Onílù rí ẹ̀rọ náà, inú wọn dùn bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ibi tó họ, wọ́n ní ta ló yàn án. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí àwọn gbọ́. Mo ta orin tí Ìyá Olórin fi máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù ẹ̀rọ sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀. Bàbá Onílù di ojú wọn. Nígbà tó parí wọn kò yìn mí. Wọ́n kàn wo ìyàwó wọn, wọ́n sì bọ́ sórí ìjókòó dírọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n pa á, kí á jọ ṣe é.

A bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ fúnra mi. Béèsì mi ń bọ̀ lẹ́yìn ìlù ẹsẹ̀, kò pọ̀, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi jù. Wọ́n dúró, a tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún rí bákan náà. Orin kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ìyára kan náà ni. Ìyá Olórin kò tíì kọ ìlà kan tán kí Bàbá Onílù tó tún dúró. Inú bí mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ojú mi ò kúrò lára ẹsẹ̀ wọn. Ohun tí mo ń ṣe láti kékeré nìyẹn, n kì í wo ọwọ́ ara mi, mo ń wo bàtà wọn lórí pẹ́dà ìlù, bó bá ti kanlẹ̀, mo ta okùn.

Bàbá Onílù gbé igi ìlù lé itan. "Jẹ́jẹ́, kí lò ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n ní àwọn ṣáà ti sọ ọ́, Bàbá Onílù fúnra wọn ló ní èèyàn ò lè bá ọmọ náà ṣeré, kí wọ́n kúkú jẹ́ kí ọmọ káfíńtà máa bọ̀ kí ọmọdé má baà máa sunkún. Ìyá Olórin yíjú sí wọn, wọ́n béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Oníwáyà ló gbọ́ ọ tó sì fi kún un. Oníwáyà ní Àǹtí ló pe òun lórí fóònù. Àǹtí wo màmá mi. Màmá mi ní ẹnu ilé ìdáná ni àwọn ti gbọ́ tàwọn. Bàbá Onílù ń yí orí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, wọ́n ní ọmọ káfíńtà wo. Wọ́n la ẹnu láti sọ èyí tí wọ́n sọ gan-an, àmọ́ Ìyá Olórin gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, bí Bàbá Onílù fúnra wọn bá tún un sọ lónìí, wọn yóò fi iyọ̀ sí i.

Ìyá Olórin gbé máìkì sílẹ̀. Wọ́n ní inú yàrá àwọn lọ́rọ̀ náà ti wáyé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń tú okùn tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lápá Bàbá Onílù, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tíì ju gbólóhùn kan lọ tí fóònù rẹ̀ fi dún tó sì jáde síta. Ó ti lọ ná kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá wo èmi nìkan, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń san nǹkan padà fún olówó rẹ̀:

"Ohun tí bàbá rẹ sọ rèé. Wọ́n ní: 'Ẹ bá ọmọ yẹn wá ẹ̀rọ ìlù kan, èyí tí kò wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán ju ẹsẹ̀ tèmi lọ, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń yà fún mi kí n kọ́kọ́ kọjá kó tó fọwọ́ kan okùn, bí ẹni tó pàdé àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni. Kó máa bá a ṣeré títí yóò fi gbàgbé pé bàbá òun ni mí. Ní ti iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn, bí kì í bá ṣe òun ló ta béèsì, mi ò lọ.'"